Àpótí ìwé méje tí ìtàn inú ẹ̀ ò tíì parí: ṣé kí n rà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi yá ìwé A Game of Thrones lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì, ọjọ́ mẹ́rin ló fi kà á tán, ló bá ní kí n ra ìyókù fún òun. Mo rí àpótí kan tí ìwé méje wà nínú ẹ̀, owó ẹ̀ ò sì kéré. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé ẹni tó ń kọ ìtàn náà ò tíì parí ẹ̀, kò sì ní í parí ẹ̀ láéláé. Báwo ni ìwé ṣe máa pé méje tí ìtàn ò sì ní tíì parí? Ṣé kí n rà á, àbí kí n dúró? (Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ìwé méje tí ẹ rí nínú àpótí yẹn, ìwé márùn-ún ni. HarperCollins tó ń tẹ̀ ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ló gé méjì nínú wọn sí méjì-méjì nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ̀dà ẹlẹ́yìn rírọ̀, torí pé wọ́n nípọn jù. Ìwé kẹta, A Storm of Swords, di Steel and Snow àti Blood and Gold. Ìwé karùn-ún, A Dance with Dragons, di Dreams and Dust àti After the Feast. Ẹ̀dà Amẹ́ríkà kò gé nǹkan kan, márùn-ún gééré ni tiwọn. Ibi tó ti máa ń dàrú ni pé George R. R. Martin tó ń kọ ìtàn náà sọ pé méje ni gbogbo ìwé òun máa jẹ́. Àpótí oníwèé méje wá ṣe kòńgẹ́ ìtàn oníwèé méje, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé gbogbo ẹ̀ ti pé síbẹ̀. Ìkẹfà gan-an, The Winds of Winter, ó ti lé ní ọdún 14 tí ayé ti ń retí ẹ̀. Ìkeje, A Dream of Spring, orúkọ ẹ̀ nìkan la ṣì mọ̀.

Kí n sọ ojú abẹ níkòó: mo gbà pé ìwé kẹfà á jáde. Ìkeje ni mi ò lè fi dá ẹnikẹ́ni lójú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlérí ni mo gbé e kà, nítorí ìlérí ti pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọjọ́ àti iye ojú ewé ni mo wò.

Ìwé kìíní jáde ní 1996, ìkejì ní 1998, ìkẹta ní 2000. Ìkẹrin gba ọdún márùn-ún, ó di 2005. Ìkarùn-ún gba mẹ́fà, ó di oṣù keje 2011. Láti ìgbà náà, kò sí. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Martin kọ lẹ́tà sí aṣojú rẹ̀ ní 1993 láti ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, ìwé mẹ́ta péré ló ní gbogbo ìtàn náà máa gbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 2000 ni kí ẹ fọkàn sí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìdádúró yìí ti wá. Ọmọdé ló pọ̀ nínú àwọn tí ìtàn náà dá lé. Martin rò pé tí ìwé kẹta bá ti parí, òun á fo ọdún márùn-ún, kí àwọn ọmọ náà lè dàgbà kí ìjà ńlá tó dé. Ó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ fún nǹkan bí ọdún kan. Fífò náà bá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ bí Arya àti Bran mu, ẹ̀kọ́ ni wọ́n lọ kọ́. Kò bá ti àwọn tó wà lórí oyè mu rárá. Ta ni yóò gbà pé ayaba jókòó sáàfin fún ọdún márùn-ún, tí ọ̀tá yí i ká, tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀? Ẹ̀dá ìtàn wá ń jókòó, ó ń rántí ohun tó ti kọjá láti orí dé orí. Ní 2001, ó pa ète náà tì, ó sì tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọdún tó fẹ́ fò kọjá ló wá di ìwé méjì gbáko.

Ìwé kẹrin yìí náà tún pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè dì pọ̀ lọ. Dípò kó gé e láàárín, ó pín in gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn èèyàn inú rẹ̀ wà: ọ̀pọ̀ àwọn ará gúúsù bọ́ sínú A Feast for Crows, àwọn ará àríwá àti ti òkè òkun bọ́ sínú A Dance with Dragons. Ìdí nìyẹn tí ọmọ yín á fi ka ọ̀rọ̀ kan náà láàárín Jon àti Samwell lẹ́ẹ̀mejì, tí á kà á lójú Samwell nínú ìwé kẹrin, kó tún wá kà á lójú Jon nínú ìkarùn-ún. Kì í ṣe àṣìṣe atẹ̀wé. Ní ìparí ìwé kẹrin, Martin kọ àkíyèsí kékeré kan síbẹ̀ pé òun ń fi gbogbo ọkàn retí pé apá kejì á jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́fà ló gbà.

Kí ló gba ọdún mẹ́fà yẹn? Ẹ wo ìlú kan ṣoṣo nínú ìtàn náà, Meereen, níbi tí Daenerys, ọmọbìnrin tó ni àwọn dírágónì, ti ń jọba. Gbogbo ayé ló ń wá a bọ̀. Quentyn, ọmọ ọba kan, ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ. Tyrion tó sá kúrò nílé ń bọ̀. Victarion ń kó ọkọ̀ ogun bọ̀ lójú omi. Ta ni kó kọ́kọ́ dé? Tí Quentyn bá dé kí Daenerys tó ṣègbéyàwó pẹ̀lú ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ kan nìyẹn. Tó bá dé lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ohun gbogbo tó bá tẹ̀lé e á sì yí padà. Martin kọ dídé rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà kó tó rí èyí tó gbà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Òfin tó fi de ara rẹ̀ ló tún mú un le: orí kọ̀ọ̀kan, ojú ẹnì kan ṣoṣo la fi ń wò ó, ohun tí ẹni náà ò bá rí, òǹkàwé ò lè rí i. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Meereen dé ibi tí kò sí ẹni tí a lè fi ojú rẹ̀ wò ó, àfi kó fún Barristan, àgbà ajagun tó ń ṣọ́ ayaba, ní orí tirẹ̀. Ìgbà náà ni kókó tó so okùn ìtàn náà pọ̀ tú.

Ṣùgbọ́n ojú tuntun kọ̀ọ̀kan, okùn tuntun ni. Tí a bá yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú kúrò, èèyàn mẹ́jọ la fi ojú wọn rí ìwé kìíní. Nínú ìkarùn-ún, láì ka ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, wọ́n ti di 16. Ìwé kẹfà àti ìkeje ló gbọ́dọ̀ kó gbogbo okùn wọ̀nyí padà sójú kan. Láti ta okùn kò ṣòro tó kíkó o jọ.

Ọ̀pọ̀ ló ní iṣẹ́ mìíràn ló gba àkókò rẹ̀, pé ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa làpálàpá. Òótọ́ wà níbẹ̀, torí ó wà nínú iṣẹ́ telifíṣọ̀n, ó sì ti sọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé ilé nìkan lòun ti lè kọ̀wé, òun kì í kọ nǹkan kan lẹ́nu ìrìn-àjò. Síbẹ̀ mi ò gbà pé òun ni olórí ohun tó fà á. Ní 2018, ó gbé Fire & Blood jáde, ìwé tó tó nǹkan bí 700 ojú ewé, lórí àwọn baba ńlá Daenerys. Báwo ni ìyẹn ṣe rọrùn fún un? Òpìtàn kan ló ń rò ó láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ojú 16 tó ní láti so pọ̀. Ẹni tó lè kọ 700 ojú ewé ò ṣaláìlè kọ̀wé. Kókó ló dá a dúró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ojú ewé àfọwọ́kọ ni màá lò, kì í ṣe ti ìwé títẹ̀. Àfọwọ́kọ ìwé kẹta àti ti ìkarùn-ún lé díẹ̀ ní 1,500, ó sì ń retí kí ìkẹfà tó bẹ́ẹ̀ tàbí kó jù ú lọ. Ní ìparí 2022, Martin ní òun ti kọ nǹkan bí 1,100 sí 1,200. Ní ìparí 2023, 1,100 yẹn náà ló tún sọ. Ẹ jẹ́ ká mú un pé 1,100 ló fi ọdún 12 kọ: nǹkan bí 92 lọ́dún kan nìyẹn. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, 400 tó kù á gba ọdún mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ìwé keje tí òun náà bá tó 1,500 á gba ọdún 16 lẹ́yìn ìyẹn. Ọdún 1948 ni wọ́n bí i. Ẹ̀yin náà ẹ parí ìṣirò náà. Lóòótọ́, ìwé kì í rìn gbọọrọ bẹ́ẹ̀, apá ìparí máa ń yára nígbà tí kókó bá ti tú. Ìdí nìyí tí mo fi nírètí nínú ìkẹfà.

Ṣé ẹlòmíràn lè bá a parí ẹ̀? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Robert Jordan kú ní 2007, ó ku ìwé kan nínú The Wheel of Time. Ìyàwó rẹ̀, Harriet McDougal, tó jẹ́ olóòtú ìwé náà látìbẹ̀rẹ̀, ló yan Brandon Sanderson láti parí ẹ̀. Ìwé kan yẹn di mẹ́ta, èyí tó kẹ́yìn sì jáde ní 2013. Ohun tó mú un ṣeé ṣe ni pé Jordan mọ̀ pé àìsàn ń ṣe òun, ó fi ọ̀pọ̀ àkọsílẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ bí ìtàn náà ṣe máa parí kí wọ́n gbà á sílẹ̀. Martin yàtọ̀. Òun ló máa ń sọ pé àwọn òǹkọ̀wé kan dà bí ayàwòrán ilé, àwọn kan dà bí olùtọ́jú ọgbà, pé olùtọ́jú ọgbà lòun: òun á gbin irúgbìn, òun á sì máa wo ohun tó máa hù. Kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn parí ẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Terry Pratchett ní kí wọ́n ba àwọn ìwé tí òun ò tíì parí jẹ́ lẹ́yìn ikú òun. Ní 2017, wọ́n fi katapílà àtijọ́ tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀, gun orí ibi tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó wọn pa mọ́ sí.

Àwọn mìíràn pẹ́, wọ́n sì parí. Stephen King bẹ̀rẹ̀ The Dark Tower ní ìwé kìíní 1982; ọkọ̀ gbá a ní 1999, díẹ̀ ló kù kó kú, ó wá kọ mẹ́ta tó kù jáde láàárín 2003 sí 2004. Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, tó gbé ìtàn rẹ̀ ka àwọn òrìṣà ilẹ̀ wa, mú ìwé kìíní jáde ní 2018, ìkejì ní 2019, ìkẹta ní 2024. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí mẹ́ta di mẹ́rin.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé eré telifíṣọ̀n Game of Thrones tí wọ́n fi ìtàn náà ṣe, tó parí ní 2019, ti dí àlàfo náà. Martin sọ kókó ìparí fún àwọn tó ṣe é, ṣùgbọ́n eré náà yọ àwọn èèyàn pàtàkì inú ìwé kúrò pátápátá, lára wọn ni Arianne àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń pe ara rẹ̀ ní Aegon. Ìparí ìwé ò lè rí bákan náà.

Nípa rírà, ẹ má tíì ra àpótí náà. Ọmọ yín ti ka ìkíní. Ẹ ra A Clash of Kings àti A Storm of Swords fún un. Tó bá jẹ́ ẹ̀dà Lọ́ńdọ̀nù, ìwé mẹ́ta nìyẹn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo èèpo ìwé kẹta dáadáa bóyá 1 àti 2 ló wà níbẹ̀, torí àwọn tó ń ta ìwé àlòkù máa ń ta apá kan bí odidi. Ìparí ìwé kẹta yẹn ló dára jù láti dúró sí nínú gbogbo márùn-ún: ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìwé kìíní dá sílẹ̀ ló yanjú níbẹ̀. Ìkarùn-ún ńkọ́? Ó parí bí ẹni tí wọ́n gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Ìwé àgbàlagbà ni o, ìpakúpa àti ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ kún inú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn àbúrò ẹ̀ gbé e.

Tí ẹ bá rí The Winds of Winter lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọjọ́ tó máa jáde, ẹ má sanwó. Ẹ̀rọ àwọn ilé ìtàwé ò lè ṣí ojú ewé fún ọjà láìsí ọjọ́, ni wọ́n ṣe máa ń fi ọjọ́ èyíkéyìí sí i. Odidi ìwé kẹfà tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ lórí fóònù, ayédèrú ni. Àwọn kan ti fi ẹ̀rọ kọ ọ́. Orí mélòó kan péré ni Martin fúnra rẹ̀ ti gbé jáde tàbí kà sétí ìgbọ́ èèyàn. Ọ̀rọ̀ òótọ́ á ti ojú ìwé Martin fúnra rẹ̀ wá àti ti àwọn atẹ̀wé rẹ̀, Bantam ní Amẹ́ríkà àti HarperCollins ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ kan náà. Kò sì ní í pẹ́ mọ́ lẹ́yìn náà: ti ìwé karùn-ún, oṣù kẹta 2011 ni wọ́n kéde ọjọ́, oṣù keje ló wà lórí àtẹ.