Kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀ fún apá bàbá yín

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá o. Ẹ ní wọ́n fẹ́ bá yín fi sẹ́ńsọ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara bíi pílásítà, pé yóò máa ta yín lólobó bí fístúlà apá wọn, ìyẹn ojú iṣan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí kí wọ́n lè máa gún un fọ ẹ̀jẹ̀, bá fẹ́ dí. Ọdún kẹfà mi rèé lórí dáyálísísì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dáṣẹ́ sílẹ̀, fístúlà kejì ni mo sì ń lò. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe kú.

Alẹ́ Jímọ̀ ni. Omi tí wọ́n fà lára mi lọ́jọ́ náà pọ̀, BP mi wálẹ̀, mo délé, mo sùn lọ fọnfọn, mo sì fi apá yẹn ṣe ìrọ̀rí. Nígbà tí mo jí, apá ti dákẹ́. Fístúlà tó dáa, bí ẹ bá fọwọ́ lé e, á máa gbọ̀n bíi fóònù tó wà lórí fàíbréṣọ̀n, torí wọ́n ti so iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ọkàn mọ́ èyí tó ń dá a padà. Tèmi ò mira rárá. Èmi wá ní kó di Mọ́ńdè tó jẹ́ ọjọ́ dáyálísísì mi! Nígbà tí mo débẹ̀, dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ti pẹ́ jù láti yọ. Wọ́n ki rọ́bà tí wọ́n á máa gbà fọ ẹ̀jẹ̀ mi bọ̀ mí lọ́rùn. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé e kiri kí fístúlà tuntun tó gbó débi tó ṣeé gún, ìwẹ̀ lásán di iṣẹ́.

Ká má parọ́, sẹ́ńsọ̀ lè wúlò. Iṣan a máa fún díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọwọ́ lè má tètè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn, iná ni wọ́n ń tàn wọ inú awọ, awọ dúdú sì máa ń gbé lára iná náà mì. Lọ́dún 2020, àwọn dókítà Amẹ́ríkà kọ ọ́ jáde pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wo ọ́síjìn máa ń kùnà láti rí i pé ọ́síjìn ti lọlẹ̀ lára aláwọ̀ dúdú, ní bí ìlọ́po mẹ́ta iye ìgbà tó ń kùnà lára aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: ara ta ni ẹ ti dán an wò? Bó bá ń kálòlò, ẹ fi owó yẹn ṣe síkáànì Dópúlà, èyí tó ń fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú iṣan hàn, fún bàbá.

Sẹ́ńsọ̀ wà o, kò sí o, kí wọ́n fọwọ́ kan ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ojú abẹ́rẹ́ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí apá ń wú, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Bó bá dákẹ́ pátápátá, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ, ì báà jẹ́ Sọ́ńdè.

Ṣé wọ́n ti ń gún fístúlà bàbá, àbí ó ṣì ń gbó lọ́wọ́?