Láàárín Alfa Romeo Spider àti Fiat 124 Spider, abẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè èwo ni kí ẹ rà nínú Alfa Romeo Spider àti Fiat 124 Spider, ọkọ̀ Ítálì àtijọ́ méjì tí kò ní òrùlé, èyí tí ẹ óò tọ́jú tí iye rẹ̀ kò ní wálẹ̀. Mo ti ra méjèèjì rí ní Maryland, Amẹ́ríkà níbí, ojú mi sì rí nǹkan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọdún 1966 ni àwọn méjèèjì jáde, ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ọkọ̀ kan náà, Pininfarina, ló sì ya àwòrán ara wọn, ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹni tó ni wọ́n yàtọ̀.

Fiat ọdún 1978 ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, irú èyí tí ẹnjiníà Ítálì, Aurelio Lampredi, ṣe, le dáadáa, páàtì rẹ̀ kò sì ṣòro rí, nítorí pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ta èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Bẹ́líìtì rọ́bà tó ń yí káàmúṣáàfù rẹ̀ (irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) nìkan ni kí ẹ tètè pààrọ̀, pàápàá bí ẹni tó ń tà á kò bá lè sọ ìgbà tó pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Ohun tó dùn mí ni ibi tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti so mọ́ ara ọkọ̀. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ irin ibẹ̀ láti inú, ẹni tó tà á fún mi sì ti fi ọ̀dà dúdú kùn ún títí ó fi ń dán. Nígbà tí mo ti sikudiráfà mọ́ ọn, ó wọlé bí ìgbà tí èèyàn bá ki ọ̀bẹ bọ ẹ̀kọ tútù. Owó tí mo san fún ajórin ju iye tí mo ra ọkọ̀ náà lọ.

Alfa ọdún 1974 ni mo rà tẹ̀ lé e. Ṣéènì ló ń yí káàmúṣáàfù tirẹ̀, nítorí náà kò sí ìbẹ̀rù bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà nígbà náà ń lo pọ́ǹpù tí wọ́n ń pè ní SPICA láti fún epo sínú ẹ́ńjìnnì, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò sì pọ̀. Nígbà tí nǹkan kékeré tó máa ń mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó bàjẹ́ lára tèmi, ọkọ̀ náà ń mu epo bí omi, èéfín dúdú ń jáde. Mekáníìkì kẹta tí mo gbé e lọ bá, bàbá àgbàlagbà kan, ló tó rí i. Jíà kejì rẹ̀ náà máa ń ké láàárọ̀ tí òtútù bá mú. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rù, àfi bó bá ṣì ń ké lẹ́yìn tí ọ́ìlì ti gbóná.

Fún ìtọ́jú pamọ́, Alfa ni mo fara mọ́, ní pàtàkì àwọn tí ìdí wọn rí roboto, tí wọ́n ṣe títí di 1969. Àwọn ni gbogbo olówó ń wá. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa wà á, kí ẹ sì máa tún un ṣe fúnra yín ní Sátidé, Fiat ni kí ẹ rà.

Èyíówù kí ẹ yàn, ẹ mú òòfà dání láti fi mọ ibi tó jẹ́ irin gidi, àti sikudiráfà láti fi ti irin wò. Bó bá jẹ́ Alfa, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sókè, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ sì tún un tì. Irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn ló gbé ọkọ̀ tí kò ní òrùlé ró, bó bá ti jẹrà, ilẹ̀kùn náà kò ní wọlé dáadáa mọ́. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ rẹ̀, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.