Ẹ jẹ́ kí gloriosa yín sùn

Ẹ dákun, ẹ gbé garawa omi yẹn sílẹ̀ ná. Gloriosa, òdòdó tó máa ń gun nǹkan, tí ẹ ní ewé rẹ̀ ń pọ́n, tí igi rẹ̀ sì ń gbẹ lẹ́yìn tó tanná tán, kò ṣàìsàn. Ó ń lọ sùn ni. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi omi àti ajílẹ̀ jí i. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́. Nígbà tí mo hú ìdí rẹ̀ wò, iṣu abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà, ó ń rùn.

Lọ́dún kejì, mo ní mo ti gbọ́n. Bó ṣe gbẹ tán ni mo hú u pé kí n tọ́jú rẹ̀ sílé. Iṣu náà dà bí ìka méjì tó pàdé nídìí, ó sì máa ń kán bọ̀rọ̀. Orí ìka kọ̀ọ̀kan ni ojú tó ń hù wà, kò sí níbòmíràn. Kì í ṣe bí iṣu tí à ń jẹ, tí èèyàn lè gé sí wẹ́wẹ́ kó sì tún hù. Mo ṣẹ́ orí méjèèjì láìfura. Mo gbìn ín, mo retí títí, kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó fi í sílẹ̀ nínú ilẹ̀ kó sùn. Ibi tí omi kì í dúró sí ni mo gbìn ín sí, mo po iyanrìn mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, mo tẹ́ iṣu náà sílẹ̀ gbalaja, bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sísàlẹ̀, lẹ́bàá ọgbà onígi. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ ló fi ń dì mọ́ nǹkan gùn, n kò so okùn kankan fún un. Òdòdó rẹ̀ á dojú kọlẹ̀, ewé òdòdó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á tẹ̀ sókè bí ọwọ́ iná. Láti ìgbà yẹn, ọdọọdún ló ń padà fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbin hóró rẹ̀, ẹ fi sùúrù sí i o, ọdún mélòó kan ni kó tó tanná.

Ohun kan tí n kò fi ṣeré ni oró rẹ̀. Oró kan tí wọ́n ń pè ní kolchicine wà lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, iṣu rẹ̀ sì ti pa àwọn tó ṣì í mú fún oúnjẹ. N kì í gbìn ín sítòsí ohun tí à ń jẹ, ìbọ̀wọ́ ni mo sì fi ń fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá ní ọmọdé tàbí ajá tó fẹ́ràn àtimáa hú ilẹ̀, ẹ wá òdòdó mìíràn.

Tí òjò bá dé, tí ẹ ò tíì rí i lójú ilẹ̀, ẹ má hú u wò. Tèmi máa ń pẹ́.