Ìbéèrè Òǹkàwé: Gẹdú Orí Òkè àti Omi Mímu

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo gbọ́ lórí rédíò pé gẹdú tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá ń gé ní erékùṣù Kolombangara, ní Solomon Islands, orílẹ̀-èdè kan nínú Òkun Pàsífíìkì, ń ṣàkóbá fún omi mímu àwọn ará ibẹ̀. Báwo ni igi tí wọ́n gé lórí òkè ṣe kan omi ìsàlẹ̀? Ṣé álọ́ọ̀mù tí àwa ń lò kò ní tó wọn ni?
Òǹkàwé yín, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Ilẹ̀ tí wọ́n tú nítorí igi náà ló ń ba omi jẹ́ ju igi fúnra rẹ̀ lọ. Kí gẹdú tó dé etíkun, kátápílà gbọ́dọ̀ la ọ̀nà gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kó sì wọ́ ìtì igi kọjá lórí rẹ̀. Bí òjò ńlá bá wá rọ̀ sórí ọ̀nà tí ewé kò bò mọ́ yìí, ọ̀gbàrá á gbá amọ̀ rẹ̀ lọ sínú odò. Kolombangara ga ju 1,700 mítà lọ, odò rẹ̀ sì kúrú, nítorí náà omi kì í ráyè tòrò kó tó dé ibi tí àwọn ará abúlé ti ń fi páìpù fà á.

Èsì ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé bí wọ́n bá gé gẹdú lórí ìdá 40 nínú 100 ilẹ̀ erékùṣù náà, omi yóò rú kọjá ìwọ̀n tí àgbáyé fọwọ́ sí fún omi mímu, ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 àkókò, bí àwọn agégẹdú tilẹ̀ tẹ̀lé gbogbo ìlànà ìṣọ́ra. Ohun tó ká mi lára jù nìyí, nítorí "a ó fi ìṣọ́ra gé e" ni wọ́n sábà máa ń fi tu àwọn onílẹ̀ nínú.

Ní ti álọ́ọ̀mù, ó wúlò. Bí ẹ bá fi ro omi nínú báàkẹ́ẹ̀tì, amọ̀ á ṣù pọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á rọlẹ̀, omi á sì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn lè ṣì wà nínú rẹ̀. Inú amọ̀ ni kòkòrò ń sá pamọ́ sí, amọ̀ yìí kan náà ló sì ń dín agbára klorín, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, kù. Ẹ rọra da omi tó tòrò náà sínú ìkòkò, kí ẹ sè é títí yóò fi hó dáadáa.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà náà lókè púpọ̀. Bí agégẹdú bá dé tòsí ìsun omi yín, ẹ tètè bá baálẹ̀ lọ wo ibi tí ọ̀nà kátápílà yóò gbà, kí wọ́n tó là á.