Èsì: Orin ìsìn àtijọ́ fún màmá tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, ẹ sì kú àìsùn. Ẹ ní rọpárọsẹ̀ kọlu màmá yín, ẹni ọdún 78, ọmọ ìjọ Áńgílíkà. Ẹ ní ẹsẹ̀ ti ń gbé díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde, ẹ wá fẹ́ kí a dárúkọ orin ìsìn àtijọ́ mẹ́wàá tí ẹ lè kó sórí fóònù fún wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè yín kí n tó lè dáhùn, torí ohun tó ṣe màmá yín gan-an ló ṣe bàbá mi.

Èmi náà, orin tí gbogbo ayé mọ̀ ni mo kọ́kọ́ sáré kó jọ. Mo wá orin Mahalia Jackson, gbajúmọ̀ obìnrin akọrin ìsìn ọmọ Amẹ́ríkà, mo wá tàwọn akọrin ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ra sípíkà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni orin fi ń dún. Àjà ni bàbá ń wò. Ohùn Mahalia dùn, ẹnikẹ́ni kò lè bá mi jiyàn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n á fa orin, á dá a dúró, á tún un yí, ẹnu aláìsàn kò lè bá a rìn. Bàbá mi kò sì fìgbà kankan kọ ọ́ rí. Gbígbọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejìlá, iná lọ, epo kò sí nínú jẹnẹrétọ̀. Mo jókòó sínú òkùnkùn, mò ń nu ọwọ́ bàbá, mo sì ń kọ "Jésù, a fẹ́ pàdé" lábẹ́ ahọ́n láìfura. Bí mo ṣe ń súnmọ́ ìparí ìlà, bàbá tó jẹ́ pé "tó, tó, tó" nìkan ló ń ti ẹnu wọn jáde láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá mi parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà já geere. Mo dákẹ́, àwọn náà dákẹ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún bá mi gbè é. Mo pariwo pe màmá mi láti ilé ìdáná. A kọ ọ́ títí iná fi dé, ẹ̀rù sì ń bà wá láti dúró, kí ohùn náà má baà tún lọ.

Nígbà tí mo sọ fún dókítà tó ń rí sí wọn, ó ní kí n má tan ara mi jẹ, pé orin kì í ṣe ọ̀rọ̀. Onífisió, ẹni tó ń bá wọn na ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ní bí bàbá ṣe ń sunkún tí orin bá ti dún, à ń fi ìbànújẹ́ kún àìsàn. Ẹ̀rù bà mí, mo pa orin. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni bàbá mi fi dákẹ́ nítorí pé mo gba ọ̀rọ̀ àwọn tó mọ̀wé jù mí lọ gbọ́, ó sì ń dùn mí títí dòní. Ẹ̀yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á pé láti 1973 ni àwọn oníṣègùn ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń fi orin kíkọ ran irú aláìsàn báyìí lọ́wọ́. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá òsì ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ gbára lé jù, orin sì máa ń rí ọ̀nà gba apá ọ̀tún. Ẹkún náà ńkọ́? Rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa mú kí ẹkún tàbí ẹ̀rín bọ́ lára ènìyàn láìsí pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó là á yé wa. Bí màmá bá sunkún, ẹ nu ojú wọn, ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ sì parí ẹsẹ náà.

Ẹ má fi oògùn sílẹ̀ o, ẹ má sì pa ọjọ́ onífisió jẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta "orin ìwòsàn" pẹ̀lú òróró fún yín, ẹ lé e jáde. Ẹnìkan gba owó lọ́wọ́ màmá mi lọ́nà yẹn.

Ó ní ìdí tí "Jésù, a fẹ́ pàdé" fi kọ́kọ́ bọ́ sí bàbá lẹ́nu. Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n. Alùfáà A. T. Ọlájídé Olúdé, Mẹ́tọ́díìsì bíi tiwọn, ló kọ orin náà ní 1949, èdè Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Púpọ̀ nínú orin ìwé wa, láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti túmọ̀ wọn, ohùn òyìnbó ni wọ́n sì fi ń kọ wọ́n. Orin á gbé ọ̀rọ̀ sókè níbi tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà ẹ wá orin tí Yorùbá fúnra wọn dá sílẹ̀. Alùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fela, kọ irú rẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Áńgílíkà bíi ti màmá yín ni wọ́n, a sì ń rí àwọn àwo náà gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń há.

Nínú èyí tí wọ́n túmọ̀, ẹ mú "Àpáta ayérayé". Ẹ mú "Wà bá mi gbé" náà, tí Henry Francis Lyte kọ ní 1847 nígbà tí àìsàn ti fẹ́ gbé e lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi í sí ìrọ̀lẹ́ nìkan, torí ibi òkú ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n. Ẹ fi "Ọdún ń lọ sópin" ti àwọn Good Women Choir ìjọ CAC n'Íbàdàn kún un. Màmá ì báà jẹ́ Áńgílíkà, wọ́n á mọ̀ ọ́n láti orí rédíò, ohùn àwọn obìnrin náà sì rọlẹ̀ tó fún ọ̀fun àgbà.

Ìwé orin tí màmá gan-an ń lò ni kí ẹ tẹ̀ lé. Orin Gẹ̀ẹ́sì kan náà lè ní ọ̀rọ̀ Yorùbá ọ̀tọ̀ nínú ìwé Áńgílíkà àti ti Mẹ́tọ́díìsì. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀, ẹnu á há. Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, ẹ rọra, ẹ dákẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìparí tó dé, ẹ máa wo ẹnu wọn. Ẹ lè dúró títí, ẹ má bá wọn sọ ọ́. Kíkó orin sórí fóònù kò le, ọmọdé ilé á bá yín ṣe é. Ẹ má ki ohun ìgbọ́rin fóònù bọ̀ wọ́n létí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú wọn, ẹ wá orin tí Thomas Dorsey, akọrin ìsìn ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ní 1932, lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú níbi ìbímọ tí ọmọ náà sì tẹ̀ lé e, "Take My Hand, Precious Lord". Mahalia yẹn náà kọ ọ́. Níbi tí mo ti ń fọ abọ́ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ lóru, nígbà tí bàbá bá ti sùn.

Ìlú wo ni màmá ti gba ìgbọ́wọ́lé, ọdún wo sì ni? Ẹ kọ ọ́ síbí kí n lè bi àwọn àgbà akọrin ìjọ yín tí mo mọ̀ léèrè orin tí wọ́n ń kọ nígbà náà.