Fítámì D ni àwọn ọmọ wa nílò, kí fítámì A má bá a wọlé láìpè

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Leeds ní Ìlú Ọba ni mò ń gbé. Ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Màmá ọkọ mi ti Abẹ́òkúta wá bá wa gbé láti ìgbà òtútù, wọ́n sì ń bá mi tọ́jú àwọn ọmọ gidi gan-an. Ọ̀rọ̀ fítámì ló fẹ́ dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo àwọn ọmọ nílé ní kí n máa kán fítámì A, C àti D sí ìbejì lẹ́nu lójoojúmọ́. Èmi náà ti ra fítámì tó dà bí súìtì fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Màmá wá ra cod liver oil, ìyẹn epo inú ẹ̀dọ̀ ẹja, wọ́n ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní síbí kan láràárọ̀, nítorí òun ni wọ́n fi tọ́ ọkọ mi dàgbà.

Mo ti ka ara ìgò wọn. Èyí tí à ń kán ní A 233 µg àti D 10 µg (ẹgbẹ̀rún kan µg ló ń jẹ́ mílígíráàmù kan). Súìtì ní A 400 µg, D 5 µg àti E. Síbí cod liver oil kan ní A 800 µg, D 5 µg àti E. A tún máa ń fi ẹ̀dọ̀ màlúù se ọbẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, epo pupa kì í sì í wọ́n nílé wa. Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní mo gbọ́dọ̀ ra K2, oríṣi fítámì K kan, mọ́ ọn kí D tó lè ṣiṣẹ́.

Ètè ọ̀kan nínú ìbejì ti ń bó fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò mọ̀ bóyá òtútù ni. A fẹ́ gbé wọn lọ sílé ní Kérésì. Báwo ni ẹ̀yin ṣe ń ṣe é kó má pọ̀ jù, kó má sì kéré jù? Mi ò fẹ́ kí màmá rò pé mò ń kọ ìtọ́jú wọn. Mo tilẹ̀ gbàgbé: oyún oṣù mẹ́rin wà nínú mi, inú ìkòkò kan náà sì ni gbogbo wa ti ń jẹun.

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú oyún. Ẹ ó sọ̀ láyọ̀ o. Ohun tí ẹ sọ gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú. Ẹ má jẹ ẹ̀dọ̀ mọ́ títí ẹ ó fi bímọ, ẹ má sì fẹnu kan cod liver oil. Fítámì A tó wà nínú méjèèjì ni èyí tí wọ́n ń pè ní retinol, bó bá sì pọ̀ jù lára aboyún, ó lè ṣe ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá. Ìmọ̀ràn tí NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba Ìlú Ọba, ń fún gbogbo aboyún nìyẹn, kì í ṣe ti ẹ̀yin nìkan. Nígbà tí ẹ bá tún rí agbẹ̀bí yín, ẹ sọ iye ẹ̀dọ̀ tí ẹ ti ń jẹ bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oyún fún un, kó mọ̀. Ẹ máa lo D 10 µg lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí A lára ohun tí wọ́n pò pọ̀ nínú rẹ̀.

Ó wá ku àwọn ọmọ. Inú mi dùn pé ẹ ka ara ìgò, nítorí ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ jẹ́ ká ro ti ìbejì pọ̀. A: 233, 400 àti 800, ó di 1,433 µg lóòjọ́, a ò tíì ka oúnjẹ. D: 10, 5 àti 5, ó di 20 µg. Iye A tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ní kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta má kọjá lóòjọ́ ni 600 µg. Ti àwọn ará Yúróòpù jẹ́ 800 µg. Ti D, NHS ní kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́wàá má kọjá 50 µg. Ṣé ẹ rí i? D wọn kò tíì dé ìdajì ààlà, A wọn ti ré ààlà méjèèjì kọjá. Ibi tí mo ti rí ọ̀pọ̀ ilé wa tó ń kọsẹ̀ nìyí: D là ń wá kiri, inú ìgò kan náà ni A sì ń gbà wọlé.

Mi ò sọ èyí kí àyà yín lè já. Ààlà yẹn kì í ṣe ibi tí májèlé ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi àyè sílẹ̀ kí ọkàn òbí lè balẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n A, D, E àti K kì í ṣe bíi fítámì C tó jẹ́ pé èyí tí ara kò lò á bá ìtọ̀ jáde. Inú ọ̀rá ni wọ́n ń yọ́ sí, ara sì ń kó èyí tó ṣẹ́kù pamọ́, pàápàá A, tó jẹ́ pé inú ẹ̀dọ̀ ọmọ ló ń kó jọ sí. Àṣẹ́kù òní á dúró de tọ̀la. Bó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́, ètè á máa gbẹ, á máa bó, orí á máa fọ́ ọmọ, á máa bì, irun á máa já, egungun á máa dùn ún, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Òtútù Leeds nìkan náà tó láti bó ètè ọmọ, nítorí náà mi ò ní jókòó síbí kí n sọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín, lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kó gbogbo ìgò náà dání. Bó bá ń bì tàbí tó ń sunkún orí fífọ́, ẹ pe 111, nọ́ńbà tẹlifóònù NHS, lọ́jọ́ náà gan-an.

Ti D, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Oòrùn ló ń bá wa ṣe é nílé, lára awọ wa. Níbí, láti oṣù kẹwàá títí wọ inú oṣù kẹta, oòrùn kò lágbára tó láti ṣe é fún ẹnikẹ́ni, awọ dúdú sì ń fẹ́ oòrùn ju awọ funfun lọ, àní nínú ooru pàápàá. Ìdí nìyẹn tí NHS fi ní kí àwa aláwọ̀ dúdú rò ó láti máa lo 10 µg yí ọdún ká, nígbà tí ìgbà òtútù nìkan tó fún àwọn yòókù. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin, yí ọdún ká ni, awọ yòówù kó ní. Ọmọkùnrin mi fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ń pariwo ẹsẹ̀ dídùn lálẹ́, a rò pé bọ́ọ̀lù tó ń gbá ni, àfìgbà tí dókítà fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí D rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an. Dókítà kọ D tó lágbára fún un láti lò fún àkókò kan, lẹ́yìn náà ó padà sí 10 µg.

Màmá tèmi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ apòògùn ní kẹ́mísìtì àdúgbò wa pé ṣé a kò kúkú lè fi cod liver oil kún un ni. Ọkùnrin náà fa bébà yọ, ó ṣírò rẹ̀ níwájú wọn: kí ọmọ yẹn tó lè rí iye D tí dókítà kọ nínú cod liver oil, A tí yóò gbé mì mọ́ ọn á ti pọ̀ dé ibi tí yóò ṣe é léṣe. Ó tún ṣàlàyé pé bí A bá pọ̀ lápọ̀jù, ó máa ń dí D lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ tó ń ṣe lórí kálísíọ̀mù, ìyẹn ni pé ènìyàn lè máa fọwọ́ ọ̀tún fún egungun ọmọ, kó máa fi tòsì gbà á padà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ nílé mi. D wá láti inú ìgò. A, E àti K wá láti inú ìkòkò.

Ìkòkò wa sì tó o. Epo pupa tí ẹ ní kì í wọ́n nílé yín, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀ nítorí A. Ohun tó pọ́n nínú epo, tó pọ́n nínú kárọ́ọ̀tì, tó sì wà nínú ẹ̀fọ́, kì í ṣe retinol. Ara ọmọ ló ń sọ ọ́ di A, ìwọ̀n tó bá sì nílò ló ń sọ di A. Bí ẹ bá rí beta-carotene lára ìgò, òun náà nìyẹn. Retinyl palmitate tàbí retinyl acetate, orúkọ tí retinol sábà máa ń jẹ́ lára ìgò, ni kí ẹ máa kà mọ́ 600 yẹn. Ọmọbìnrin mi jẹ kárọ́ọ̀tì tó bẹ́ẹ̀ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pọ́n bí ọsàn, àyà mi já, mo rò pé ibà pọ́njú ni. Dókítà wo ẹyinjú rẹ̀, ó funfun nini, ó ní ká dín kárọ́ọ̀tì kù, ó sì parẹ́. Kí ẹ ṣáà má jó epo náà títí pupa rẹ̀ yóò fi lọ, nítorí pupa yẹn gan-an lẹ ń wá. E wà nínú epo pupa yìí kan náà, ó wà nínú ẹ̀pà. K kún inú ẹ̀fọ́ tútù: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, spinach, kale. Ọ̀rá inú ọbẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ kí ara gbà wọ́n, ẹ̀fọ́ rírò wa ti ṣe iṣẹ́ yẹn láìsí ìwé kankan lọ́wọ́.

Ẹ̀dọ̀ ni ibi tó nípọn. Ẹ̀dọ̀ màlúù díndín gíráàmù 85 ní ju 6,500 µg retinol lọ. Ẹ wá fojú inú wò ó: ègé kékeré tí kò ju gíráàmù 10 lọ ti kọjá ààlà 600 µg ti ọjọ́ kan fún ọmọ ọdún mẹ́ta. NHS ní ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀ lè máa gba A tó pọ̀ jù. Nílé mi, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni, àgbà ló sì ń jẹ ègé ńlá. Títù àti sàdínì ni mo fi rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ yòókù, wọ́n tilẹ̀ ní D nínú.

Bó bá jẹ́ pé ọmọ mi ni àwọn ọmọ yín, mo máa dá cod liver oil dúró lónìí. Mo máa mú súìtì kúrò pẹ̀lú, kì í ṣe nítorí iye tó wà nínú rẹ̀ nìkan, ọmọdé tó bá mọ ibi tí súìtì wà kò ní mọ̀ pé oògùn ni. Ìbejì á máa lo èyí tí nọ́ọ̀sì fún yín bó ṣe wí, ó pé: NHS ní kí ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún máa gba A, C àti D lójoojúmọ́, ìwọ̀n inú rẹ̀ sì wà fún ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n wọn, D 10 µg nìkan, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tí ọ̀rá díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹyin tàbí mílíìkì. Ẹ kíyè sí àwọn ìgò tí ẹbí ń fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. IU ni wọ́n sábà fi ń ka D níbẹ̀, 40 IU sì ni µg kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní Houston fi oníhóró 5,000 IU ránṣẹ́ sí wa tìfẹ́tìfẹ́. 125 µg ni ìyẹn, ó ju 100 tí NHS ní kí àgbàlagbà pàápàá má kọjá.

K2 tí ọ̀rẹ́ yín sọ, mi ò rà á rí. E àti K kò sí nínú ohun tí NHS ní ká máa fún ọmọdé lójoojúmọ́. E oníhóró tó bá pọ̀ gan-an máa ń bá K jà nínú iṣẹ́ dídì ẹ̀jẹ̀, nítorí náà mi ò rí ìdí tí a ó fi máa ra ọ̀kan kí a tún máa ra èkejì láti fi wá a. Àmọ́ bí màmá bá ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kí wọ́n má ṣàdédé sọ ẹ̀fọ́ di púpọ̀ tàbí kí wọ́n ṣàdédé fi í sílẹ̀ láìsọ fún àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Ní ti màmá, ẹ má sọ fún wọn pé cod liver oil burú. Kò burú nígbà tí wọ́n fi tọ́ ọkọ yín. Òun nìkan ló wà nígbà yẹn, kò sí súìtì, kò sí oògùn kíkán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú màmá mi dání lọ sí kẹ́mísìtì, wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mo fi ìgò D lé wọn lọ́wọ́: àwọn ni wọ́n ń kán an fún àwọn ọmọ láràárọ̀, kò sí ẹlòmíràn tó ń fọwọ́ kàn án. Ìyẹn tún ṣe wá láǹfààní, nítorí bí ẹni méjì bá ń fún ọmọ ní oògùn kan náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ máa mu ún lọ́jọ́ kan.

Ti ìrìn àjò yín: nílé, wọ́n máa ń fún ọmọ oṣù 12 sí 59 ní fítámì A 200,000 IU lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. 60,000 µg ni. Ó ń ṣiṣẹ́ ribiribi fún ọmọ tí kò rí A jẹ tó, ó ń gba ojú là, ó ń gba ẹ̀mí là. Ìbejì yín kò sí nínú wọn. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àǹtí kan bá fẹ́ gbé wọn lọ sí ìlera nígbà tí wọ́n bá ń fún àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì ibẹ̀ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gba A ní Ìlú Ọba, ẹ sì fi ìgò náà hàn án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá sọ ohun tí GP bá wí nípa ètè yẹn fún mi.