Glock tuntun fún iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́: ibi tó yẹ kí owó rẹ lọ

Àbúrò, o ní ìwé àṣẹ Level III rẹ, ti ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé ìbọn, ti jáde ní Texas, o ti ra ìbọn Glock 19 tuntun, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Houston sì máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Dọ́là 400 wà lọ́wọ́ rẹ, o fẹ́ fi ra trígà (ibi tí ìka ń fà) tó fúyẹ́, sípíríǹgì tuntun àti bárẹ́ẹ̀lì (ọ̀pá tí ọta ń gbà jáde) aláwọ̀ wúrà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìbọn ṣiṣẹ́ nílùú yìí, èmi náà sì ni wọ́n ń gbé ìbọn wá bá níbi iṣẹ́ wa tó bá ń há. Fi inú ìbọn yẹn sílẹ̀ bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá.

Trígà ni gbogbo èèyàn máa ń sáré bá. Ti Glock máa ń gba agbára bíi pọ́ùn 5 àtààbọ̀ kó tó yìn. Ẹni tó ń díje ní pápá lè fẹ́ kó dín sí i, torí ìṣẹ́jú àáyá ló ń lé. Ìwọ tí ọwọ́ rẹ máa gbọ̀n lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá dé, kí lo fẹ́ fi trígà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe? Àwọn ọlọ́pàá New York tiẹ̀ lo Glock tí trígà rẹ̀ le tó pọ́ùn 12 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lójú tèmi, ìyẹn ti pọ̀ jù, ọta á kàn máa yà bàrá ni, ṣùgbọ́n o rí ibi tí wọ́n kọjú sí.

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé láti mú trígà fúyẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń dín agbára sípíríǹgì tó ń ti abẹ́rẹ́ ìbọn, èyí tó ń gún ìdí ọta kó lè yìn. A lọ ṣe ìdánwò ìyìnbọn, ìbọn ọ̀kan nínú wa sì dún “kẹ́” lásán. Ó kọjú ẹnu ìbọn síwájú, ó ní sùúrù díẹ̀, kó tó fa sláìdì, irin orí ìbọn tó ń lọ sẹ́yìn-síwájú. Mo ṣa ọta tó bọ́ sílẹ̀. Àmì tó wà lójú bàbà kékeré ní ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́, àfi bí ẹni fi èékánná tẹ amọ̀. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo ọta tó yìn dáadáa: tiyẹn jìn wọnú. Abẹ́rẹ́ ń débẹ̀, agbára ni kò sí. A dá sípíríǹgì àtilẹ̀wá padà, ìbọn náà ò sì ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó tún kù. Ààbò mẹ́ta tí Glock ní, ara ètò trígà ni gbogbo rẹ̀ wà, títí kan èyí tó ń dá abẹ́rẹ́ dúró bí ìbọn bá já bọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ń fi fáìlì ha ibẹ̀, ààbò ló ń ha dànù. Bí ọ̀rọ̀ bá sì dé kóòtù, lọ́yà ẹnìkejì á béèrè ìdí tí o fi mú trígà fúyẹ́. Wá ìdáhùn sílẹ̀.

Bárẹ́ẹ̀lì? Má ra nǹkan kan.

Mágasíìnì, àpótí tí ọta ń wà nínú ìbọn, ni kí o náwó lé. Ìbọn tó bá ń há, òun ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣí díẹ̀, tàbí tí sípíríǹgì inú rẹ̀ ti rẹ̀, ọta ò ní gòkè bó ṣe yẹ. Ra ti ilé iṣẹ́ Glock gan-an, kí o ya ti iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìdánrawò, torí ti ìdánrawò lá máa já lu kọnkéré. Fi kálà kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí nọ́ńbà 2 bá há lẹ́ẹ̀mejì, má bá a jà, yọ ọ́ kúrò nínú ti iṣẹ́.

Ọta tí o máa gbé lọ síṣẹ́ ni kí o fi dán ìbọn wò. Ọta iṣẹ́ tó ní ihò lórí máa ń gbówó lórí, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń yin olówó pọ́ọ́kú ní pápá, tí wọ́n á wá gbé olówó ńlá tí wọn ò yìn rí lọ síṣẹ́. Yìn tó 200 láìhá, káàkiri gbogbo mágasíìnì iṣẹ́, kí o tó gbọ́kàn lé e. Tún ṣọ́ra fún èyí: ẹni tó ń yọ ọta kúrò ní gbogbo àárọ̀, tó ń ki ọ̀kan náà padà lálẹ́, orí ọta yẹn á máa rì wọnú èèpo díẹ̀díẹ̀. Ó lè mú kí agbára inú ìbọn pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun; tó bá kúrú, kì í ṣe ti iṣẹ́ mọ́.

Sípíríǹgì tó wà lábẹ́ bárẹ́ẹ̀lì máa ń rẹ̀, o lè pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn bí ọta 3,000 sí 5,000, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan náà ni kí o fi síbẹ̀. Sáìtì oníke tó bá a wá, ohun tí a fi ń fojú sun ibi tí a fẹ́ yìn, ni mo fara mọ́ kí o yọ. Fi onírin tó ní tritium sí i, ó ń tàn lókùnkùn láìlo bátìrì. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ń dín sí ìdajì ní bí ọdún 12, nítorí náà béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é bó bá jẹ́ àlòkù. Òógùn Houston ò mọ irin yàtọ̀ sí irin: máa nù ún, kí o fi òróró díẹ̀ pa á, kó má bàa dógùn-ún.

Èyí tó bá ṣẹ́kù, àpò ìbọn ni, oníìdè tí kò ní jẹ́ kó rọrùn fún ẹlòmíì láti já ìbọn gbà nínú rẹ̀, torí èrò pọ̀ ní ilé ìwòsàn. Tó bá wù ọ́ láti so iná mọ́ ìbọn, ra iná kí o tó ra àpò, torí àpò tí kò níná ò ní gba ìbọn tó níná. Kí o sì kọ́kọ́ ní kí ọ̀gá rẹ fi ohun tí ilé iṣẹ́ gbà láàyè ránṣẹ́ sí ọ lórí ìwé.